Ẹgbẹ̀rún Mẹ́jọ Ìṣípò Ara: Ọ̀rọ̀ Kassandra àti Àwọn Obìnrin inú Assassin's Creed

Ní ìbẹ̀rẹ̀ Assassin's Creed Odyssey, lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti fi Leonidas, ọba Sparta, jagun tán ní Thermopylae, géèmù náà á dúró díẹ̀, á gbé ẹni méjì síwájú ẹni tó ń gbá a, Alexios lápá kan, Kassandra lápá kejì, á sì ní kí ó mú ọ̀kan. Àbúrò mi obìnrin jókòó tì mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó wo ojú tẹlifíṣọ̀n títí, ó wá bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí wọ́n fi ń bi yín? Ṣebí wọn ò bi yín nígbà tí ẹ̀ ń gbá ti Ezio.” Ezio ni akọni ọkùnrin inú àwọn géèmù ìdílé yìí kan tó ti jáde ṣáájú. Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà, mo kàn tẹ Kassandra, a sì bá eré lọ. Èsì ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ báyìí, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù kẹfà ọdún 2014 àti oṣù keje ọdún 2020 ti hàn sí gbangba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, láti ẹnu oríṣiríṣi ènìyàn tí wọn kò jọ sọ ọ́ pọ̀. Mo tò ó pọ̀ síhìn-ín.

Ilé iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé ló ni Assassin's Creed, ẹ̀ka rẹ̀ tó wà ní Montreal ní Kánádà ló sì gbé àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2007. Ìpìlẹ̀ ìtàn náà ni pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Animus, ẹni tó bá sì wọ inú rẹ̀ á máa gbé ìgbé ayé àwọn baba ńlá rẹ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Baba ńlá ni mo kọ, mo sì mọ ohun tí mo kọ: Altaïr ni ti àkọ́kọ́, Ezio ni ti 2009, ó sì tún padà wá lẹ́ẹ̀mejì, Connor tẹ̀ lé e, Edward tẹ̀ lé Connor. Síbẹ̀ ìtàn náà kò fìgbà kan sọ pé ọkùnrin nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ apànìyàn tí àwọn akọni wọ̀nyí ń ṣe. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé àwọn Auditore, ìdílé Ezio, ní Monteriggioni ní Ítálì, nínú géèmù ti 2009, ère akọni méje ló dúró síbẹ̀, obìnrin sì ni méjì nínú wọn: Amunet ará Íjíbítì, àti Iltani ará Bábílónì, tí ìtàn géèmù náà sọ pé òun ló fún Alẹkisáńdà Ńlá ní májèlé. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ibẹ̀ kọjá á rí wọn. Òkúta ni wọ́n. Wọn ò tíì fún wọn lẹ́sẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún lẹ́sẹ̀ ni Aveline de Grandpré. Ọjọ́ kan náà tí Assassin's Creed III jáde, ìyẹn ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ni Liberation jáde pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n orí PlayStation Vita ni wọ́n gbé e sí, ẹ̀rọ kékeré aláfọwọ́mú ti Sony tí kò fi bẹ́ẹ̀ tà, ẹ̀ka Ubisoft ní Sofia ní Bùlgéríà ló sì ṣe é. New Orleans ni ìtàn rẹ̀ ti wáyé, ní àkókò tí ìlú náà ń kúrò lọ́wọ́ àwọn Faransé bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì. Bàbá Aveline jẹ́ oníṣòwò Faransé tó lówó lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà tí wọ́n mú lẹ́rú. Àwọn tó kọ ìtàn náà kò fi ọ̀rọ̀ ìbí yìí ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, inú aṣọ ni wọ́n rán an sí. Oríṣi aṣọ mẹ́ta ni Aveline máa ń wọ̀. Bí ó bá wọ aṣọ ìyáàfin, kò lè gun ògiri, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ á máa wò ó pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọn ò sì ní mọ̀ pé agbòòrùn ọwọ́ rẹ̀ ń yin ọfà olóró. Bí ó bá wọ aṣọ ẹrú, á gbé ẹrù lé èjìká, á wọ àárín àwọn òṣìṣẹ́, á sì kọjá lójú gbogbo wọn, nítorí pé kò sí ẹni tó ń wo ojú ẹrú lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá wá wọ aṣọ apànìyàn, gbogbo ohun ìjà pé sí i lára, ṣùgbọ́n ìfura ti bẹ̀rẹ̀ kó tó fa nǹkan kan yọ. Mo ti gbá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn géèmù ìdílé yìí, n kò sì rí òmíràn tó so ohun tí ènìyàn lè fi ara rẹ̀ ṣe mọ́ irú ẹni tí ìlú kà á sí tó báyìí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbé e wá sórí àwọn ẹ̀rọ ńlá. Kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹ̀rí ni.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ní E3, ìpàtẹ géèmù tó máa ń wáyé lọ́dọọdún ní Los Angeles nígbà náà, Ubisoft fi Assassin's Creed Unity hàn, èyí tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Párísì nígbà tí àwọn ará ìlú dìde sí ọba Faransé. Ohun tí wọ́n fi ń yangàn lọ́dún náà ni pé ènìyàn mẹ́rin lè jọ gbá a pọ̀, kí olúkúlùkù sì wà nílé rẹ̀. Ọkùnrin ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n fi hàn. Àwọn oníròyìn béèrè ìdí. Alex Amancio, tó jẹ́ olùdarí iṣẹ́ ọnà géèmù náà, dáhùn pé fífi obìnrin kún un wà nínú èrò àwọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ á di ìlọ́po méjì: ìlọ́po méjì ìṣípò ara, ìlọ́po méjì ohùn, ìlọ́po méjì àwòrán ara àti aṣọ. Bruno St-André, tí òun náà wà nínú iṣẹ́ yìí, fi iye lé e: ó ní bíi 8,000 ìṣípò ara ni àwọn ì bá tún ṣe lórí eegun mìíràn. James Therien, tó ń darí apá ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní ó ṣì wà lára ohun tí àwọn fẹ́ ṣe títí di àìpẹ́ yìí, kí àwọn tó yọ ọ́ láti gbájú mọ́ nǹkan mìíràn.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ jẹ́ iye tó ń dẹ́rù bani, ó sì yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ń kà. Nínú ara gbogbo ẹ̀dá tí a rí nínú géèmù ni eegun kan wà tí ojú wa kò rí, orúnkún, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn, ìka ọwọ́ níkọ̀ọ̀kan. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń ṣe kì í ṣe àwòrán ọkùnrin tó ń gun ògiri. Àṣẹ ló ń kọ fún eegun: kí orúnkún tẹ̀ báyìí, kí èjìká yí báyìí, kí ọrùn tẹ̀ lé e. Ẹran, awọ àti aṣọ kàn so mọ́ eegun náà ni, ibi tó bá lọ ni wọ́n ń bá a lọ. Ẹni tó ti rí egúngún lójú agbo rí á tètè lóye rẹ̀, àwọn ọ̀jẹ̀ ẹ má bínú o, n kò tú awo: ara ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀ ni ijó wà, bí a bá sì gbé agọ̀ mìíràn lé e lórí, ijó tó mọ̀ náà ni yóò jó. Bí eegun obìnrin bá yàtọ̀ díẹ̀, tí èjìká kéré sí i, tí ẹsẹ̀ kúrú, kọ̀ǹpútà á gbé àṣẹ kan náà lé e, á ṣírò ìyàtọ̀ gígùn àárín wọn, òṣìṣẹ́ á wá máa wò ó níbi tí ọwọ́ bá ti rì wọnú ìbàdí tàbí tí ẹsẹ̀ kò kan ilẹ̀ dáadáa, á sì tún ibẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn èyí, á fún un ní ìrìn tirẹ̀, ìsáré tirẹ̀, àti bí ó ṣe ń dúró nígbà tí kò ṣe nǹkan kan. Gígun ògiri kò ní akọ, kò ní abo.

Ẹni tó sọ èyí síta kì í ṣe ará ìta. Jonathan Cooper, tó darí iṣẹ́ ìṣípò ara nínú Assassin's Creed III kó tó lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, kọ ọ́ sórí Twitter pé lójú òun tí òun mọ iṣẹ́ náà, ọjọ́ kan tàbí méjì ni yóò gbà, kì í ṣe títún 8,000 ṣe. Ó wá fi ohun kan kún un tí mo kà sí ọkàn gbogbo ẹjọ́ yìí: ó ní Aveline pín nínú ìṣípò ara Connor ju bí Edward Kenway ṣe pín nínú rẹ̀ lọ. Kí a rò ó wò. Edward jẹ́ ọkùnrin, ajalèlókun ni, ó sì jẹ́ bàbá bàbá Connor nínú ìtàn náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe é, iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ṣe fún un ju èyí tí wọ́n ṣe fún Aveline lọ, kò sì sẹ́ni tó jáde wá sọ pé ajalèlókun yìí ti di ìlọ́po méjì iṣẹ́. Ubisoft ti fi ara Connor gbé obìnrin rìn ní ọdún méjì ṣáájú, lórí ẹ̀rọ tó lè wọ àpò agbádá.

Kí n ṣe déédéé sí wọn. N kò sọ pé irọ́ ni Amancio ń pa. Ọjọ́ kan tàbí méjì tí Cooper dá kéré lójú tèmi bí a bá ka irun mọ́ ọn, àti ìbòrí tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àti aṣọ tí ènìyàn lè pààrọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ bá àyà àti ìbàdí tuntun mu. Nígbà tí géèmù bá sì ti ku oṣù márùn-ún kó jáde, ohun kékeré di òkè. Ohun tó dùn mí nínú èsì náà ni pé ó mú obìnrin bí ẹrù àfikún, ohun tí à ń gbé lé iṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ti parí. Ilé iṣẹ́ bíi mẹ́wàá ló jọ ṣe Unity, káàkiri ayé. Bí wọ́n bá ti ní obìnrin lọ́kàn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé eegun kalẹ̀, kò ní jẹ́ ìlọ́po kankan.

Ubisoft fèsì pé ìtàn Arno Dorian ni Unity, àti pé bí ènìyàn mẹ́rin bá jọ ń gbá a, olúkúlùkù ló ń rí ara rẹ̀ bí Arno. Wọ́n tún tọ́ka sí Élise, olólùfẹ́ Arno, tó mọ idà í lò dáadáa, àmọ́ tí a kò lè gbá, tó sì kú kí ìtàn tó parí. Àwọn tó mọ ìtàn Faransé kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Wọ́n rán wọn létí pé ní oṣù kẹwàá ọdún 1789, àwọn obìnrin ọjà Párísì ni wọ́n kó ara wọn jọ, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé Versailles nítorí owó búrẹ́dì, tí wọ́n sì mú ọba padà wá sí ìlú. Àti pé apànìyàn tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ nínú rúkèrúdò náà ni Charlotte Corday, tó fi ọ̀bẹ pa Marat, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, nínú ọpọ́n ìwẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 1793. Nígbà tí géèmù náà wá jáde ní oṣù kọkànlá, àléébù kún inú rẹ̀ dẹ́nu, èyí tó gbajúmọ̀ jù sì ni ti awọ ojú tó ń pòórá, tí ẹyinjú àti eyín nìkan ń kù nínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọkùnrin sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn o.

Ní 2015, Syndicate fún wa ní ìbejì, Evie àti Jacob Frye, ní Lọ́ńdọ̀nù ọdún 1868. A lè pààrọ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì nígbàkigbà tí a bá wà nígboro, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Jacob pọ̀ ju ti Evie lọ nínú ìtàn gan-an, Jacob náà ni wọ́n sì gbé síwájú lára páálí. Ní 2017, Origins gbé wa lọ sí Íjíbítì, pẹ̀lú Bayek àti ìyàwó rẹ̀, Aya. Aya yìí ni Amunet, ọ̀kan nínú àwọn ère òkúta Monteriggioni ọjọ́sí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ó rí ẹsẹ̀ gbà, ó wa ọkọ̀ ojú omi, ó gún Késárì lọ́bẹ, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ka wákàtí tó fi gbá Bayek àti èyí tó fi gbá Aya, ọ̀rọ̀ Aya kò tó nǹkan. Mo rántí pé nígbà tí mo ń gbá a, mo rò pé bí wọ́n ṣe rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Odyssey tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, láti ọwọ́ ẹ̀ka Quebec. Gíríìsì ni, ọdún 431 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí Sparta àti Athens fẹ́ kọjú ìjà síra wọn. Myrrine, ọmọbìnrin Leonidas, bí ọmọ méjì. Wọ́n ní òrìṣà sọ pé kí wọ́n ju ìkókó nù láti orí òkè Taygetos kí Sparta má bàa parun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré láti gbà á sílẹ̀, ọwọ́ ta ba ọwọ́, àgbàlagbà tó gbé ìkókó náà já bọ́ tòun tìkókó. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n ní apànìyàn, Nikolaos tó ń tọ́ ọ bí bàbá sì jù ú tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀gbọ́n kò kú. Ó dé erékùṣù Kephallonia, ó dàgbà níbẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń háyà láti jà, pẹ̀lú idì rẹ̀ Ikaros àti àjákù ọ̀kọ̀ Leonidas. Ìkókó náà kò kú, ẹgbẹ́ òkùnkùn kan gbé e tọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Deimos, wọ́n sì fi ṣe idà ara wọn. Ẹni tí a bá mú lójú ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí a bá fi sílẹ̀ ló ń di Deimos.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí èyí ná wọn. Melissanthi Mahut sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, ó tún lọ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Deimos. Michael Antonakos sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, òun náà tún lọ sọ ti Deimos. Ara méjì, aṣọ fún ara méjì, ipa méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nínú géèmù tó jẹ́ pé ẹni tó ń gbá a ló ń yan ohun tí yóò sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó sì lè gba ènìyàn ní ọgọ́rùn-ún wákàtí bí kò bá kánjú. Ìlọ́po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Amancio kà ní 2014, ìṣípò, ohùn àti àwòrán, wọ́n san gbogbo rẹ̀ láìku kọ́bọ̀ ní 2018.

Èdè wa ì bá ti dín ìnáwó náà kù díẹ̀. “Ó” wa kò mọ akọ, kò mọ abo, “ẹ̀gbọ́n” àti “àbúrò” wa kò sì béèrè irú ara tí ẹni náà gbé wá sáyé, ẹni tó ṣáájú dáyé nìkan ló ń béèrè, èyí tó jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ìtàn Odyssey fúnra rẹ̀ nílò. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n tàbí Deimos, wọ́n ní láti gba ohùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní oṣù keje ọdún 2020 ni a wá mọ ìdí tí wọ́n fi san owó náà. Jason Schreier kọ ọ́ fún ilé iṣẹ́ ìròyìn Bloomberg, lẹ́yìn tó ti bá àwọn òṣìṣẹ́ Ubisoft ti ìsinsìnyí àti ti àná sọ̀rọ̀, pé ìtàn àwọn ìbejì Frye dọ́gba ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di pé wọ́n ń gé ti Evie kù. Pé nínú ètò àkọ́kọ́ fún Origins, Bayek á fara pa tàbí kó kú láìpẹ́, Aya á sì gba ìtàn lọ́wọ́ rẹ̀. Àti pé àwọn tó ṣe Odyssey fẹ́ kí ó jẹ́ ti Kassandra nìkan, wọ́n sì sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn náà ti wí, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ìpolówó ọjà tàbí láti ọ̀dọ̀ Serge Hascoët, ọ̀gá àgbà tó ń fọwọ́ sí gbogbo géèmù kó tó jáde, ni àwọn àṣẹ wọ̀nyí ti ń wá, ìdí kan náà sì ni wọ́n ń sọ: géèmù tí obìnrin bá dá dúró nínú rẹ̀ kì í tà.

Ìyẹn ni pé owó tí wọ́n ní kò sí nílẹ̀ ní 2014 láti fi gba obìnrin kan wọlé, wọ́n rí i san ní 2018 kí obìnrin kan má bàa dá wọlé.

Àmì ètò àkọ́kọ́ náà ṣì wà lára géèmù fún ẹni tó bá mọ ibi tí a ń wò. Ìwé ìtàn àròsọ tó bá Odyssey jáde ní 2018, Kassandra ni ẹ̀gbọ́n inú rẹ̀, Alexios ni Deimos, kò sí ìbéèrè. Nígbà tí Ubisoft mú ẹ̀gbọ́n yìí wá pàdé Eivor, akọni Viking inú Valhalla, géèmù tó tẹ̀ lé Odyssey, ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Kassandra ló wá, ì báà jẹ́ Alexios lo mú láyé ọjọ́sí. Lọ́dọ̀ àwọn tó ni ìtàn, Kassandra ni ẹni tó gbé ayé náà. Síbẹ̀, Alexios ló wà níwájú páálí.

Kíkọ ìtàn fún ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà ní ewu tirẹ̀, ewu náà sì hàn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Ubisoft ti polówó Odyssey pé ẹni tó ń gbá a ló máa yan ẹni tí yóò fẹ́ràn, ọkùnrin tàbí obìnrin, tàbí kí ó má fẹ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti fi wákàtí tó pọ̀ gbá Kassandra tí kò wo ojú ọkùnrin kankan. Nígbà tó wá di inú ìtàn àfikún tí wọ́n tà lẹ́yìn náà, ó di dandan kí ẹ̀gbọ́n bí ọmọ pẹ̀lú ọmọ ẹnì kan tó ń jẹ́ Darius: bí Kassandra bá ni, Natakas, bí Alexios bá ni, Neema. Ohunkóhun tí o bá sọ, ọmọ náà á dé. Lójú ẹni tó kọ ọ́, ìtàn kan náà ni fún àwọn méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ Leonidas ṣáà gbọ́dọ̀ ní àrólé. Ṣùgbọ́n fún Alexios, ó kàn ní ìyàwó àti ọmọ ni. Kassandra ní tirẹ̀ ní láti lóyún, kí ó sì rọbí, kí ó fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, géèmù náà sì fò gbogbo rẹ̀ dá bí ẹni fo gọ́tà. Ìwé ìtàn tí kò mọ ara ẹni tó ń kọ nípa rẹ̀ ló ń ṣe báyẹn. Jonathan Dumont, olùdarí iṣẹ́ ọnà Odyssey, tọrọ àforíjì, wọ́n sì yí ìran náà padà lóṣù tó tẹ̀ lé e kí ó lè hàn pé ẹlòmíràn lè tìtorí àrólé nìkan gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kò lọ ibi kankan.

Ní ti pé obìnrin kì í tà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Lara Croft, akọni obìnrin inú géèmù Tomb Raider, ti ń tà láti 1996. Ní oṣù kejì ọdún 2017, nígbà tí wọ́n ń ṣe Odyssey lọ́wọ́, géèmù ilé iṣẹ́ mìíràn, Horizon Zero Dawn, jáde, obìnrin kan ṣoṣo, Aloy, ni akọni rẹ̀, kò sí ìbéèrè kankan ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ta ju ẹ̀dà 7.6 mílíọ̀nù lọ láàárín ọdún kan. Ohun tí Ubisoft fi ń ṣe ẹ̀rí fún ara wọn kò lè ju Liberation lọ, géèmù tí wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ tí kò lọ́jà, tí wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńlá tí gbogbo ìpolówó wà fún. Ìyá tó bá fi ọjà ọmọ kan síwájú ṣọ́ọ̀bù, tó fi ti èkejì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò yẹ kó tún máa sọ ní alẹ́ pé ti èkejì ni ò tà.

Hascoët fi ipò sílẹ̀ ní oṣù keje 2020 yẹn kan náà, kí ìròyìn Schreier tó jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí Kassandra. Àwọn òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú wọn ti rí nínú ilé iṣẹ́ náà, ìyọlẹ́nu àti ìwà tí kò bójú mu láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ní oṣù keje ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kan ní Bobigny, lẹ́bàá Párísì, dá a lẹ́bi lórí fífi ayé ni òṣìṣẹ́ lára àti lórí lílọ́wọ́ nínú ìyọlẹ́nu ti ìbálòpọ̀, ó sì dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún un, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n so rọ̀ tí kò ní lọ ṣe bí kò bá tún ṣẹ̀. Ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, n kò sì fẹ́ pa á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ géèmù. Mo kàn mọ̀ pé tábìlì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń kọjá.

Lẹ́yìn èyí, Valhalla tún gbé ìbéèrè náà wá ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ó fi ọ̀nà kẹta kún un: ènìyàn lè ní kí Animus fúnra rẹ̀ yàn. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, obìnrin ni Eivor nínú ìgbé ayé rẹ̀, níbi tó bá ti di Odin, òrìṣà àwọn Viking, nìkan ló ń di ọkùnrin. Obìnrin ni ìdáhùn tí ìtàn náà fẹ́ràn, àmọ́ ọkùnrin ni wọ́n fi ṣe fídíò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi polówó rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Shadows dé láti Quebec, ní Jàpáánì, pẹ̀lú Naoe, ọmọbìnrin agbègbè Iga, àti Yasuke, ọmọ Áfíríkà tó di jagunjagun lọ́dọ̀ Nobunaga, olórí ogun kan níbẹ̀. Níhìn-ín, àwọn méjèèjì kò jọ pín ara rárá: Naoe ń gun òrùlé, ó ń rá pálá lórí ilẹ̀, ó ń gba ihò kékeré wọlé, Yasuke ń fi èjìká fọ́ ilẹ̀kùn. Ìlọ́po méjì pátápátá ni, kò sì sẹ́ni tó mẹ́nu kan ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Títí di Shadows, bí a bá yọ Aveline tó ti orí ẹ̀rọ kékeré wá àti Shao Jun tó ní géèmù kúkúrú tirẹ̀ ní 2015, kò tíì sí géèmù ńlá kan nínú ìdílé yìí tí obìnrin dá dúró nínú rẹ̀.

Àbúrò mi ra Shadows nígbà tó gba owó oṣù rẹ̀. Naoe nìkan ló fi gbá ọ̀pọ̀ wákàtí àkọ́kọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, Yasuke kàn yọjú díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí Yasuke padà dé, tí géèmù náà dá a dúró níwájú iṣẹ́ kan pé kí ó mú ẹni tí yóò lò nínú àwọn méjèèjì.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “wọ́n tún ti ń bi mí o.”